Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Rólù-Kéèjì Nínú Ìjàpá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Volkswagen Ìjàpá kan tí bàbá mi rà ní 1976, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ níbí ní Èkó. Mo fẹ́ fi rólù-kéèjì sínú rẹ̀, ìyẹn àwọn páìpù irin tí wọ́n máa ń tò sínú ọkọ̀ eré ìje kí òrùlé má baà tẹ̀ wọlé bí ọkọ̀ bá takìtì. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè fi páìpù omi ṣe é. Ọkọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ mi méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń jókòó. Kí ni kí n tú kúrò nínú rẹ̀, kí ni kí n sì fi sílẹ̀? Òǹkàwé láti Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni yóò pinnu gbogbo ìyókù. Ẹni tó dé akoto, tí bẹ́líìtì eré ìje sì dì mọ́ ìjókòó pinpin, ni wọ́n ṣe rólù-kéèjì fún. Ẹni tí kò dé akoto, tí bẹ́líìtì ojoojúmọ́ nìkan wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ yóò fì síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, orí rẹ̀ yóò sì gbá irin tí ì bá má sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú Ìjàpá kò fẹ̀. Àwọn irin tó máa ń ti kéèjì lẹ́yìn yóò gba ẹ̀gbẹ́ orí àwọn ọmọ náà kọjá gan-an, débi pé ìkọlù kékeré kan lórí afárá Third Mainland, èyí tí wọn ì bá bọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ara ríro lásán, lè fọ́ wọn lórí. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí àwọn ọmọ yóò bá ṣì máa wọ ọkọ̀ yìí, ẹ má ṣe fi kéèjì sínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín de bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí mọ́ irin tó dára fún gbogbo ìjókòó, kí ẹ sì tún bíréèkì rẹ̀ ṣe dáadáa.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn fún àwọn ọmọ, tí ẹ sì gbà pé kí Ìjàpá di ọkọ̀ ẹni méjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe ààbọ̀ kéèjì: irin títẹ̀ kan lẹ́yìn ìjókòó iwájú méjèèjì, irin ìdábùú kan láàárín rẹ̀, àti ẹsẹ̀ méjì tó na sẹ́yìn. Kí irin kankan má ṣe gba iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ orí awakọ̀. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ kò ní í gé dáṣíbọ́ọ̀dù, aṣọ ara ilẹ̀kùn yóò sì wà bó ṣe wà. Ohun tí yóò kúrò ni ìjókòó ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti aṣọ àjà, nítorí pé iná wẹ́dà yóò jó o bí ẹ bá fi í sílẹ̀.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó ra irin kankan. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ irin ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ gbé bátìrì náà kúrò, ẹ mú sukurudiráfà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ ti ilẹ̀ náà gírígírí, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdí àwọn irin oníhò méjì tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, àwọn tí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbà láti ẹ́ńjìnnì wá sí iwájú. Bí ó bá dún ko, irin ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá wọlé, tàbí tí ìpẹtà bá ń ya bí èèpo, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní Èkó wa yìí, tí ẹ̀kún omi òjò àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í jẹ́ kí irin sinmi, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá Ìjàpá ọjọ́ orí yẹn tí ìdí rẹ̀ yóò pé. Kéèjì tí ẹ bá gbé ka orí ìpẹtà yóò gún ilẹ̀ ọkọ̀ já ní ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ní ti páìpù omi, ẹ sọ fún wẹ́dà yín pé rárá. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní ojú ìsopọ̀ kan láti òkè dé ilẹ̀, ojú ìsopọ̀ náà sì lè ya bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bí ọkọ̀ bá takìtì. Síìnkì tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ sì máa ń rú èéfín tó ń kó ibà ran ẹni tó ń jó o. Ohun tí ìlànà FIA, àjọ tó ń ṣe àkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, béèrè ni irin tí kò ní ojú ìsopọ̀: 45 mìlímítà láti ìta sí ìta pẹ̀lú nínípọn 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú nínípọn 2.0, fún irin títẹ̀ ńlá. 38 pẹ̀lú 2.5, tàbí 40 pẹ̀lú 2.0, fún àwọn ìyókù. Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ́dé Oníirin, ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn irin, dání, kí ẹ sì ti ìka bọ ẹnu páìpù náà: bí ìka yín bá kan ìlà tó ga díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní tútù. Kí wọ́n má ṣe rọ yanrìn sí i kí wọ́n fi iná yọ́ ọ, kí wọ́n má sì ṣe gé e lẹ́gẹlẹ́gẹ kí wọ́n tún máa jó o pọ̀.

Kí wọ́n tó tan iná, táǹkì epo gbọ́dọ̀ kúrò níwájú, bátìrì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́yìn. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa gegele tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ náà, nítorí inú rẹ̀ ni páìpù epo, wáyà kúlọ́ọ̀ṣì àti wáyà ìtẹ-epo gbà kọjá. Ẹni tó bá lu ihò síbẹ̀ lè dá iná sílẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan irin títẹ̀ náà ni pèlébé irin tó nípọn tó mìlímítà 3 yóò wà, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 10, kí wọ́n jó o mọ́ ara ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ó kéré tán bóòtù M8 (oní-mìlímítà 8) mẹ́ta dè é. Ẹ wo orí bóòtù náà: 8.8, àmì bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó, ni kí ẹ rí níbẹ̀.

Kí wọ́n tó jó ohunkóhun mọ́lẹ̀, ẹ wọlé fúnra yín, ẹ jókòó pẹ̀lú bàtà tí ẹ fi ń wakọ̀, kí ẹ sún ìjókòó sí ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń dé kúlọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìjókòó náà kò ní í lè sún kọjá irin náà mọ́. Ẹni tó bá ga ni èyí máa ń ni lára jù.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fi ààbọ̀ kéèjì sínú ọkọ̀ mi. Ṣé mo lè fi fóòmù dúdú tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù fi ń wé páìpù bo irin rẹ̀, kí n sì de okùn èjìká bẹ́líìtì mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó? Òǹkàwé láti Ìsàlẹ̀ Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Fóòmù yẹn rọ̀ jù: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ó kan irin lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orí yín yóò kàn án. Èyí tó le, tí wọ́n kọ FIA 8857-2001 sí lára, ni kí ẹ wá. Okùn èjìká tí wọ́n bá dè mọ́lẹ̀ yóò fa èjìká yín wálẹ̀ nígbà ìkọlù, egungun ẹ̀yìn ni yóò sì gba gbogbo agbára náà. Irin kan tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n jó mọ́ kéèjì lẹ́yìn èjìká yín, kí okùn náà lè lọ sẹ́yìn tààrà tàbí kí ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀ kọjá ìwọ̀n dígírì 45, wọ́n dè é sí ìsàlẹ̀ jù.