Láti Ìbàdàn sí Iléṣà: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ti Sọ̀ Kalẹ̀ Jẹun

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ jẹ oúnjẹ gidi, kí ẹ rí ìpanu dídùn rà bọ̀, kí ẹ sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni èmi yóò tọ́ka sí fún yín. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń gba ọ̀nà náà, nítorí pé Iléṣà ni ilé àwọn àna mi, kò sì sí ọdún kan tí a kì í lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Àmàlà Skye, ilé oúnjẹ ní Bódìjà tí àwọn kan ti dárúkọ láti fi dá yín lóhùn, dára, èmi náà a máa lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ìlú ni ìyẹn wà, ìrìn àjò sì ni ẹ̀yin ń béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú ni pé kí ẹ má ṣe máa ra nǹkan bí ẹ ti ń bá a pàdé lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ìyàwó mi, a dúró ní Aṣejírẹ́ ní kùtùkùtù, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun tí wọ́n ń fa omi ẹ̀rọ wá sí Ìbàdàn. Àwọn obìnrin máa ń pàtẹ ẹja sí etí títì níbẹ̀, tútù àti díndín. Mo ra àrọ̀ tútù mẹ́rin tí wọ́n ṣì ń mí, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo sì kó wọn sí bùútù ọkọ̀. A yà ní Ìkirè, a yà ní Ifẹ̀, a kí àwọn ọ̀rẹ́, oòrùn sì mú gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé Iléṣà tí mo ṣí bùútù, òórùn tí ó jáde síta lé gbogbo wa sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó mi kò bá mi wí, wọ́n kàn pe ọmọkùnrin kan pé kí ó lọ gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó bo àwọn ẹja náà mọ́lẹ̀. Ojú tì mí, nítorí pé ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ètò ìrìn àjò wa padà: ibi tí ó jìnnà jù ni a ń kọ́kọ́ lọ, ohun tí a bá fẹ́ rà wálé sì di ìgbà tí a bá ń bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá kúrò ní Ìwó Road ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ kọjá Aṣejírẹ́, ẹ kọjá Ìkirè àti Gbọ̀ngán, ẹ má dúró ní Ifẹ̀, Òsú ni kí ẹ ti jẹun òwúrọ̀. Ìlú kékeré ni Òsú, ó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, àkàrà rẹ̀ ni ó sì fi lókìkí. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n bá gbé sórí àwo wá bá yín lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀, nítorí pé ẹ kò lè mọ ìgbà tí wọ́n din ín, àkàrà tí ó bá sì ti tutù a máa le. Ẹ wá ibi tí iná ń jó, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn dúró sí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Obìnrin tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ a jókòó sórí àpótí kékeré, agbada yóò wà níwájú rẹ̀, ìkòkò ẹ̀wà lílọ̀ yóò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ọwọ́ pò ó, tí yóò máa pò ó, títí tí ẹ̀wà náà yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì wú. Díẹ̀ ni ó ń bù sọ́tọ̀ tí ó ń fi iyọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní bí iyọ̀ bá ti pẹ́ jù nínú rẹ̀ kí ó tó kan epo, àkàrà kò ní wú mọ́. Nígbà tí ó bá yọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ eyín, inú rẹ̀ á sì rọ̀ bí òwú. Ẹ̀kọ tútù ni èmi fi ń jẹ ẹ́, búrẹ́dì ni àwọn ọmọ mi fẹ́ràn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n yó bámúbámú, nítorí pé iyán ń bẹ níwájú.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọkà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, síbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. N kò ní dárúkọ bùkà kan fún yín ní Iléṣà, nítorí pé alásè lè kúrò nídìí ìkòkò lónìí kí ọbẹ̀ sì yí padà lọ́la. Etí ni kí ẹ fi wá a. Ẹ dúró níta ní nǹkan bí aago méjìlá, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹ ó gbọ́ ìró ọmọ odó láti ẹ̀yìnkùlé. Níbi tí ẹ kò bá ti gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ èlùbọ́ iyán tí wọ́n ń rò lórí iná ni wọn yóò gbé fún yín, mo sì ti san owó iyán gidi fún un rí ní ilé oúnjẹ ńlá kan tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ tún wo àsìkò pẹ̀lú. Iṣu tuntun tí ó ń jáde ní nǹkan bí oṣù keje àti ìkẹjọ a máa lómi, iyán rẹ̀ kì í fà dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣu tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin, ni ó ń fún ni ní iyán tí ó ń fà tí kò sì ní kókó. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀gúsí ni kí ẹ fi jẹ ẹ́.

Ní Ifẹ̀, bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ lè mú àwọn ọmọ wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, kí oúnjẹ lè dà nínú wọn. N kì í jẹun níbẹ̀ ní tèmi. Gùrúndì àti baba dúdú ni mo máa ń rà fún wọn nínú ọjà, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ títí a ó fi dé Ìkirè.

Ìkirè gan-an ni ó mú kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí ẹ ń fi jẹ ìrẹsì nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn yóò kó dànù, ni wọ́n ń lò fún un. Wọ́n á fi ata gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, wọ́n á din ín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á sì kó o jọ kí ó lẹ̀ mọ́ra. Adùn rẹ̀ ni ahọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀, ata rẹ̀ kì í yọjú àfi ìgbà tí ẹ bá ti gbé e mì tán. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ yín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó sínú ọkọ̀ ra ọ̀rá mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ó sáré tẹ̀ lé wa, mi ò tilẹ̀ wò ó. Ti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ méjì nínú rẹ̀, inú sì run ún láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Láti ìgbà náà, mo ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń din ín. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan kí n gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá jẹ́ tuntun, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń jáde, epo ara rẹ̀ á sì máa dán, bí ó bá ti pẹ́, òórùn epo àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ kàn yín nímú. Bí ọ̀rá bá ti làágùn nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ tú u jáde sínú àwo kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ sì lè gbé e gbóná lórí páànù gbígbẹ láìfi epo kún un. Èmi a máa fi mu gàrí tútù, n kò sì mọ ohun mìíràn tí ó bá gàrí mu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú owó pépà dání, kí ó sì jẹ́ kéékèèké. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé a ti dì í tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ, a dúró fún ìdajì wákàtí, a sì kó gbogbo rẹ̀ padà fún oníǹkan.

Aṣejírẹ́ ló wá kù. Ẹ gbé kúlà dání láti ilé pẹ̀lú yìnyín nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹja tí ẹ ń rà ṣì ń mira tàbí pé abẹ́ etí rẹ̀ pupa fòò. Ẹ ní kí wọ́n là á, kí wọ́n kó ìfun rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fi iyọ̀ pa á lára kí ẹ tó gbé e sórí yìnyín. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ ní aago márùn-ún, ẹ ó ti kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ẹgbẹ́dá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja náà yóò sì ti wà lórí iná kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́.