Onídìí mímú àbí onídìí pẹrẹsẹ: èyí tí màá rà fún ìdílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọkọ̀ ojú omi méjèèjì tí ẹ rí l'Ékòó, tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn fún ìgbafẹ́, jọra: fáíbà ni wọ́n, ẹsẹ̀ bàtà 16, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó wọn ò sì jìnnà síra. Ẹ̀yin, ìyàwó, ìyá yín àti ọmọ mẹ́ta lẹ fẹ́ máa wọ̀ ọ́. Ẹ wá fẹnu ba ìyàtọ̀ kan bí ẹni tí kò kà á sí, pé ọ̀kan mú nídìí, èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Mo máa ń wa oríṣi méjèèjì. Onídìí mímú ni ti ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ẹ̀pẹ́, onídìí pẹrẹsẹ ni tèmi tí mò ń fà kiri níbí. Lórí ọ̀sà, bí ìgbì bá dìde, onídìí mímú á la omi lọ bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹ̀kọ tútù. Pẹrẹsẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbà, gbà, gbà ni yóò máa gbá ìgbì, ẹ̀yìn á sì máa dun màmá. Bẹ́ ẹ bá sáré yí i lójijì, ó tún máa ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n níbo lẹ fẹ́ máa lò ó? Omi tó sún mọ́ àwa ará Òṣogbo ni adágún Ẹ̀rìnlẹ̀ lápá Ẹdẹ, àti Asẹ́jìrẹ́, níbi tí wọ́n ti dí odò Ọ̀ṣun wa yìí kan náà. (Ẹ má ro ti odò àárín ìlú o. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, wọn ò gbà kéèyàn pẹja pàápàá, áḿbọ̀sìbọ́sí kẹ́ ẹ máa fi ẹ́ńjìnnì bú lẹ́tí Yèyé.) Omi tí àwọn èèyàn ń mu ni ti adágún méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Ìgbì kì í sábà pọ̀ níbẹ̀, àfi bí òjò bá ń ṣú. Kùkùté tí omi bò ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ojúoró tó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Onídìí pẹrẹsẹ kì í rì jìnnà sínú omi, ìyẹn sì wúlò gan-an níbẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ rèé: eré sísá kọ́ ló pọ̀ jù nínú ìgbafẹ́ ìdílé. Ẹ ó sáré díẹ̀, àwọn ọmọ á pariwo, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó ṣí kúlà oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni ọmọ kan á sáré lọ wo ẹja lápá ọ̀tún, tí àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Onídìí mímú á fì lọ sápá ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Pẹrẹsẹ tó fẹ̀ á kàn tẹ̀ díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kó àgbàlagbà mẹ́fà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ ní kí mẹ́rin rọra bọ́ sápá kan. Ẹ ó fojú ara yín rí i.

Pẹrẹsẹ ni màá rà. Bó bá jẹ́ pé Èkó lẹ ó ti máa lò ó jù, ẹ mú onídìí mímú.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ yẹ pátákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì so mọ́ wò. Pákó ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, fáíbà ló bò ó. Ẹ fi nǹkan líle kàn án: bó bá dún kó-kó, ó dára, bó bá dún bù-bù, omi ti wọ̀ ọ́, ó ti ń jẹrà. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí pátákó bá ń mì, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń mu epo, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ọ̀kadà níbí lè tú u.

Bí wọ́n bá gbowó kúrò fún yín, ẹ fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé, èyí tó ní okùn tó ń gba àárín itan. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kẹ́ ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì mú, kẹ́ ẹ fà á sókè. Bó bá ti gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.