Kí ló mú kí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABS-CBN ti Philippines kúrò lórí afẹ́fẹ́ lọ́dún 2020?

Ilé aṣòfin kò sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀tun. Àṣẹ ọlọ́dún 25 náà parí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, àjọ NTC, tó ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lórílẹ̀-èdè náà, pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ náà dáwọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dúró. Ó dunni pé àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, tí àwọn ará ìlú nílò ìròyìn gan-an, ni èyí bọ́ sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú-ṣòfin fi ìbò 70 sí 11 kọ̀ láti fún un ní àṣẹ mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ètò rẹ̀ kan padà sórí afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ A2Z, ìkànnì iléeṣẹ́ ZOE.