Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Obìnrin Yẹn Ń Wò

“Ẹ ṣáà mọ bí ọjà ṣe rí.” Ibẹ̀ ni mo dúró sí nínú lẹ́tà rẹ, ìwọ tí o pe ara rẹ ní Onítìjú láti Ìbàdàn. Ojú ìwé mẹ́ta lo kọ. O ṣàlàyé bí àyà rẹ ṣe máa ń já tí oníbàárà bá ti dúró tì ọ́, bí ohùn rẹ ṣe máa ń há, bí o ṣe san ₦45,000 fún ẹnì kan tó ní òun ń kọ́ èèyàn ní ìgboyà, tó sì ní kí o máa dúró níwájú dígí láràárọ̀, kí o máa yin ara rẹ. Ní báyìí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò kan ti ní kí o wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ nípa àdìrẹ tí ò ń tà, o wá fẹ́ kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò láìgbọ̀n.

N ò ní kọ́ ọ. Kì í ṣe ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn.

Láàárín kan nínú lẹ́tà yẹn, o kàn mẹ́nu bà á kọjá pé obìnrin kan tó wálé láti London mú ọ̀kan nínú aṣọ rẹ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó wò ó dáadáa, ó wá ní, “Ta ló ṣe é?” O dáhùn pé, “Àwa la ṣe é, mà.” Èmi lo wá sọ òótọ́ fún, pé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lo ti ń ra èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, pé òmíràn tiẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti China, “ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ bí ọjà ṣe rí”. Obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwọ ní ìtìjú ló lé e lọ.

Irọ́ ló lé e lọ. O pa á, ara rẹ sì mọ̀ pé o pa á, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ fi há.

Ṣé o mọ ohun tó ń wò lẹ́yìn aṣọ? Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú aró, aró á mu ún tinú tẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, iwájú rẹ̀ ló máa ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá, nígbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ làfún ya ọnà sí, nítorí náà ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ tó ti iwájú, ṣùgbọ́n aró á wà níbẹ̀ dáadáa. Ọnà ẹ̀rọ kì í sì yẹ̀: bó ṣe rí ní ọ̀pá àkọ́kọ́ ni yóò rí ní ọ̀pá karùn-ún, kò ní yà bàrá. Ọwọ́ èèyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ti mọ ìdáhùn kó tó bi ọ́. Ìwọ gan-an ló ń dán wò.

Inú ń bí mi, nítorí lẹ́tà rẹ kọ́ ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ tí kò dé orí ilẹ̀ náà rí, ẹni tó ń ta ìpara tí kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò wá oníbàárà tí kò tíì ka ìwé àdéhùn náà dé ìparí, gbogbo wọn ló ń kọ̀wé sí mi pé àwọn ò nígboyà. Kò sí èyí tó bi mí pé níbo lòun ti lè mọ ọjà òun. Dígí ni gbogbo yín ń wò!

O tún ní tí oníbàárà bá ti sọ pé “ó wọ́n”, kíá lo ti ń já owó. Kí lo fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ? O ò mọ ìdí tó fi wọ́n. Ẹni tó bá ti rí i bí obìnrin kan ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán aṣọ funfun pọ̀ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ọjọ́ dé ọjọ́, kó tó di pé ó kan aró rárá, tó tún wá ń fi sùúrù tú òwú náà kúrò lẹ́yìn aró kó má baà ya á, ẹnu onítọ̀hún ò ní yá láti gé owó aṣọ alábẹ́rẹ́ sí ìdajì. Kò ní nílò ìgboyà kankan. Á kàn sọ ohun tó rí ni.

Nítorí náà, padà sí Ìtòkú, má lọ rajà. Wá obìnrin tó ń ṣe èyí tí ò ń rà gan-an, kúnlẹ̀ kí o kí i, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o jókòó ti òun. Wò ó bó ṣe ń yọ́ àbẹ́là, tó ń ki fóòmù tó ti gé ní ọnà bọ̀ ọ́, tó ń tẹ̀ ẹ́ lé aṣọ funfun, kí o sì mọ̀ pé ibi tí àbẹ́là bá dé, aró ò ní dé ibẹ̀. Béèrè ohun tí kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, ń ṣe nínú aró, àti ìdí tí omi gbígbóná fi wà nítòsí. Bí o bá rí ẹni tó ṣì ń lo aró èlú, èyí tí wọ́n ń fi ewé ṣe, dúró dìgbà tí yóò fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ á kàn án, lójú rẹ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù. Mo fẹ́ kí o rí ìyẹn kí o tó gbé ẹnu sọ̀rọ̀ nípa àdìrẹ fún ẹnikẹ́ni. Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà aládìrẹ, gbé iṣẹ́ yìí dé Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ́ èèyàn ní Òṣogbo, ọwọ́ tirẹ̀ gan-an sì ti wọ aró kó tó máa kọ́ ẹlòmíì.

Ìbàdàn lo ń gbé, o sì ń ta àdìrẹ tí wọ́n ń pe ọnà rẹ̀ ní Ìbàdàndùn. Ǹjẹ́ o ti wá òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú ọnà rẹ̀ rí? Wọ́n wà níbẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé àjọ̀dún ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè, lọ́dún 1935, ló bí àdìrẹ Ọlọ́ba, tí wọ́n ya ọba àti olorì rẹ̀ sí? Irú nǹkan wọ̀nyí ni èèyàn ń bá oníbàárà sọ, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ.

Bí ọjọ́ ìpàdé náà bá pé, mú aṣọ méjì dání, ọ̀kan tí aró mu, ọ̀kan tí ẹ̀rọ tẹ̀. Fún àwọn obìnrin náà, kí wọ́n yí ẹ̀yìn méjèèjì wò, kí o sì sọ fún wọn láti ẹnu ara rẹ pé o máa ń pa wọ́n pọ̀ tà tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, bí o bá ṣì fẹ́ máa tà á, pè é ní orúkọ rẹ̀, kó o sì tà á ní iye tó yẹ ẹ́. Dárúkọ aláró rẹ bó bá gbà kí o dárúkọ òun. Ní ti àwọn ènìyàn ńlá tí o ní o ò lè fún ní káàdì rẹ níbi àpèjẹ, o fúnra rẹ kọ ọ́ pé “A ń ṣe àdìrẹ” ló wà lára káàdì náà. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní wúwo láti nà án? Lọ tún un tẹ̀: “Mo ń ta àdìrẹ.”

Bí aláró àkọ́kọ́ bá lé ọ, má bínú, ọ̀pọ̀ ló ti wá yàwòrán iṣẹ́ wọn lọ láìra nǹkan kan. Lọ bá ẹlòmíì. Mú ìbọ̀wọ́ dání nítorí kọ́sítíìkì, kí o sì wọ aṣọ tí o ò ní sunkún lé lórí.