Owó ìgò ni, kì í ṣe owó ìtanràn

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Igbógbó, Ìkòròdú, fẹ́ ṣòfin pé ẹni tí kò bá ya ike omi sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtí yòókù yóò san owó ìtanràn. Àwọn kan ní kò ní ṣiṣẹ́. Kí lẹ rí sí i? (Alága ẹgbẹ́ onílé)

Ìdáhùn: Alága, àwọn tó ní kò ní ṣiṣẹ́ kò jẹ̀bi. Ta ni yóò máa tú báàgì pàǹtí wò kó tó mọ tilé ta ni? Ẹni tí ẹ bá sì bu owó lé lórí kò ní torí ẹ̀ ya ike sọ́tọ̀. Òru ni yóò máa gbé e dà sí gọ́tà.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, síbẹ̀ ìgò kì í sùn síta. Ọmọdé á gbé e padà, ìyá ọlọ́jà á fi ìka yí ẹnu ìgò po bóyá ó ti ṣẹ́, á tó dá owó ìgò fún un. Owó ìdógò ló ń dá ìgò náà padà wálé.

Ohun tí Jámánì fòfin ṣe fún ike àti agolo láti 2003 nìyẹn: sẹ́ǹtì yúrò 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lé ní 95 nínú 100 tó ń padà. Lithuania, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú sẹ́ǹtì 10. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń rí kó. Nígbà tí 2017 fi máa parí, ó ti lé ní 90 nínú 100. Iṣẹ́ òfin níbẹ̀ ni pé kò sí ọlọ́jà tó lè yẹ̀ ẹ́. Òfin Èkó tó bẹ̀rẹ̀ lórí páálí funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ (styrofoam) ní oṣù kìn-ín-ní 2024, tó sì kan kọ́ọ̀bù àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní oṣù keje 2025, kò kan ike omi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá owó ìdógò tiyín sílẹ̀.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ń ta páàkì márùn-ún ike 50cl lọ́sẹ̀, tí 12 wà nínú páàkì kan, 60 nìyẹn. Kó fi ₦20 lé owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ₦1,200 náà wọ kóló tirẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ná an pọ̀ mọ́ owó ọjà, ọjọ́ tí èèyàn mẹ́wàá bá jọ kó ike dé, kò ní rí owó san, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́. Bí 50 bá padà, ₦1,000 jáde. ₦200 tó kù, ẹ fi ra báàgì.

Ike àjèjì ló máa ń ba irú ètò yìí jẹ́ jù. Bí ẹ̀yin nìkan bá ń san ₦20, gbogbo ike inú gọ́tà láti Sábó dé Ẹ̀bútẹ́ ló máa wá bá yín. Kí ọlọ́jà fi máákà tí kì í parẹ́ kọ lẹ́tà kan sára lébẹ́ẹ̀lì kó tó tà á, kó sì pa lẹ́tà náà dà lóṣooṣù. Kó má kọ ọ́ sórí ọmọrí: ọmọrí ṣeé yí sórí ike mìíràn.

Ní Jámánì, ẹ̀rọ ló ń ka àmì ara ike, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Tiyín yàtọ̀. Bí ọlọ́jà bá ti rí lẹ́tà, kó gbọn omi inú ike dànù, kó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kó tún dé e; bí kò bá dé e, á tún wú padà, báàgì á sì tètè kún. Èyí tí wọ́n ti fi ta epo pupa tàbí kẹrosíìnì, kó má gbà á rárá, ẹyọ kan lè ta bá gbogbo báàgì. Ẹ má sì retí owó ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ike ní kíló: ike 50cl sábà ń wúwo gírámù 10 sí 20, ó di 50 sí 100 kó tó pé kíló kan. ₦20 ọwọ́ ọlọ́jà ló máa mú ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ìbéèrè: Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ńkọ́? (Òǹkàwé kan, Ìtàmàgà)

Ìdáhùn: Owó ìdógò kò bá a mu, ó kéré jù láti kọ àmì sí. Ẹ ya á, ẹ gbọn omi rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ kó o sínú àpò rẹ̀ tó gbé 20 wá. Ọ̀kan tó nǹkan bí gírámù 2, nítorí náà àpò 25 ló máa tó kíló kan. Ẹ má da ọ̀rá dúdú mọ́ ọn.