Ọmọ mi fẹ́ ka American Studies: ṣé kọ́ọ̀sì gidi ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Èrò èmi àti bàbá rẹ̀ ni pé òfin tàbí ìṣirò owó ni yóò kà, àfi bó ṣe ní American Studies lọ́kàn òun wà. Ó ní wọ́n máa ń da ìtàn, lítíréṣọ̀, òṣèlú àti orin pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kọ́ọ̀sì tó lórí tó nídìí ni? Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, iṣẹ́ wo ló sì lè fi ṣe? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Mo kí yín o, mà, ẹ kú oríire ọmọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa yàn, ìbéèrè yìí sì wà lára èyí tí àwọn òbí wa ń bi mí jù. Kọ́ọ̀sì gidi ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ohun tó ń wá níbẹ̀ lè fi ọdún mẹ́rin ṣòfò sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọmọ yín fọkàn sí.

Kọ́ọ̀sì náà ti pẹ́. Láti 1937 ni yunifásítì Harvard ti ń fúnni ní ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìtàn ọ̀làjú Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, American Studies Association, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó ń kọ́ ìtàn kì í ka ewì, ẹni tó ń kọ́ ewì kò mọ òfin, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìwé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun mélòó kan ni wọ́n gbájú mọ́ jù. Ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló yí ìyẹn padà. Ní San Francisco State, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní California, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1968 títí wọ oṣù kẹta 1969 kí àwọn aláṣẹ tó gbà láti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí irú rẹ̀ nílé, ẹ wo Institute of African Studies tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1962: onítàn, olórin àti oníṣẹ́ ọnà ló jọ ń ṣe ìwádìí lábẹ́ òrùlé kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan là á yé yín. Ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Africatown. Ní oṣù keje ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn wá síbẹ̀ láti Ouidah, èbúté kan ní ilẹ̀ Dahomey, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ náà, dáná sun ún kí àṣírí má baà tú. Lára àwọn tí wọ́n kó wá ni Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló mú un lẹ́rú. Àwọn onítàn tó tọpa orúkọ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà pé Yorùbá ni, láti apá ibi tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n wọn kò rówó ọkọ̀. Wọ́n bẹ Timothy Meaher, ẹni tó náwó sí ìrìn àjò náà, pé kó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n yan olórí láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé.

Ta ni kó wá kọ́ wa ní ìtàn yìí? Ẹni tó mọ òfin yóò béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀ràn tí gbogbo ìlú mọ̀. Onílítíréṣọ̀ yóò mú ìwé tí Zora Neale Hurston, obìnrin òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ lẹ́yìn tó ti lọ jókòó ti Kossola ní ìparí àwọn ọdún 1920. Hurston kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà sílẹ̀ bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní 1931, àwọn atẹ̀wé ní kó tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, ó kọ̀ jálẹ̀, ìwé náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Kí ni ojú àwọn atẹ̀wé kò rí ní 1931 tó wá rí ní 2018? Ọ̀rọ̀ ọjà ìwé wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ náà wà ńbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2019 pé àfọ́kù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò Mobile, ti Clotilda ni. Ẹni tó ń kọ́ nípa àyíká yóò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn èèyàn yìí gan-an ni wọ́n kọ́ àwọn iléeṣẹ́ bébà sí. Ọmọ tó bá ka American Studies dáadáa, gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́ ọ láti bi lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì wá ẹ̀rí tó máa gbè é lẹ́sẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹ rò pé àṣà àwọn ẹlòmíì lásán ni ọmọ yín ń lọ kọ́. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ní ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Ó lè lọ sí ìletò Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina, tí Ọba Adéfúnmi, ọmọ bíbí Detroit, tẹ̀ dó ní 1970, kó sì gbọ́ oríkì tí wọ́n ń kì níbẹ̀ láìsí ògbufọ̀. Ó lè fi ẹjọ́ àwọn olórìṣà Lukumi, ìyẹn àwọn tó ń sin òrìṣà Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sìn ín ní Cuba, ní Hialeah, ní Florida, ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá: ìjọba ìlú náà ṣòfin kí wọ́n má fi ẹran rúbọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì wọ́gi lé òfin náà ní 1993.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń tò ó, ọdún mẹ́rin ni, kírẹ́díìtì rẹ̀ sì máa ń tó 120 ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. American Studies fúnra rẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn lọ, nítorí náà ààyè wà fún nǹkan mìíràn. Kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ wà, kíláàsì kan wà lórí bí a ṣe ń ṣèwádìí, lẹ́yìn náà akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan ibi tó fẹ́ dojú kọ, yóò sì kọ àpilẹ̀kọ ní ọdún ìkẹyìn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyí: ọmọ á mú kíláàsì fíìmù ní sáà yìí, kó mú ti eré ìdárayá ní sáà tó ń bọ̀, kó mú ti oúnjẹ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ dùn, kò sì sí èyí tó wọnú ara wọn. Ẹni tó ti ọdún kejì mú ìbéèrè kan, tó sì ń fi gbogbo kíláàsì rẹ̀ wá ìdáhùn sí i, ni mo máa ń rí tó ń jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tó ṣeé fi han agbanisíṣẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó kà á ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù àti ibi ìkówèésí, wọ́n ń ṣe olùkọ́, àwọn kan wà ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ohun tí yóò dùn mọ́ yín jù nìyí: ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka òfin, ọdún mẹ́ta sì ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin kò ní kí èèyàn ti ka kọ́ọ̀sì kan pàtó kó tó wọlé. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin ka ìwé tó le, tó ń gba ẹ̀rí yẹ̀ wò, tó sì ń kọ̀wé, kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Lọ́yà tí ẹ̀ ń wò lọ́kàn kò tíì bọ́ sọnù rárá.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra ni ọ̀rọ̀ físà, èmi kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi físà F-1 kàwé lè gba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní OPT láti fi oṣù 12 ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá parí. Àwọn tó ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò lè fi oṣù 24 kún un. American Studies kò sí lára wọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ọmọ wa níyànjú pé kí wọ́n fi ìmọ̀ kejì tì í, bíi statistics tàbí computer science, kó sì jẹ́ major (kọ́ọ̀sì gangan) kejì, torí minor (kọ́ọ̀sì àfikún kékeré) kò kà fún oṣù 24 yẹn. Òfin wọ̀nyí máa ń yí padà, kó lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Bó bá fẹ́ padà wálé, àwọn tó kàwé lókè òkun náà ń sin ilẹ̀ bàbá wọn, bí wọn kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ̀wé sí ẹ̀ka náà, kó béèrè ẹni tó ń darí àpilẹ̀kọ àṣekágbá, bóyá wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ibi ìkówèésí tàbí iléeṣẹ́ ìròyìn, àti bóyá owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún un yóò dé ọdún kẹrin. Ẹ̀yin náà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nípa Amẹ́ríkà tó fi fẹ́ kà á. Kò sì sí ìdí fún ìjà nínú ilé báyìí, mà: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn, ó di ìparí ọdún kejì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kéde major rẹ̀. Kó mú kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ti American Studies ní ọdún àkọ́kọ́, kó mú statistics tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì tún jókòó sọ ọ́ nígbà tí èsì bá jáde.