Òógùn ọwọ́ lábẹ́ lákà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní wáyà idẹ tí ẹ tẹ̀ sójú àpótí igi apá yín ti dúdú láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ máa fi Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ kùn ún lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ohun funfun inú rẹ̀ á wọ ihò wẹ́wẹ́ ara igi, á gan síbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ táwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ náà kò dára fún ti inú igi: omi kíkan yẹn á sá sábẹ́ wáyà, á fa síńkì jáde, idẹ á wá pọ́n bíi bàbà.

Mo ṣe ọpọ́n ayò kan fún oníbàárà nígbà kan, mo fi idẹ pẹlẹbẹ yí etí rẹ̀ ká. Ó ń kọ mànà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Kí ọdún tó yípo, wọ́n pè mí: àmì àtàǹpàkò ti yọ lára idẹ, ó dúdú, abẹ́ lákà, ọ̀dà tó mọ́ gaara tí a ń fín sára igi àti idẹ, ló sì wà. Àtàǹpàkò tèmi ni. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbé e kí n tó fín lákà. Iyọ̀ ń bẹ nínú òógùn, mo sì ti sé iyọ̀ yẹn mọ́ ara idẹ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ha lákà náà kúrò. Ó dùn mí gan-an.

Láti ìgbà náà, síílà, ọ̀dà tó ń dí ihò ara igi, ni mo kọ́kọ́ ń fi kun igi kí sáńpépà tó kan idẹ, pàápàá lórí igi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti àfárá, torí lẹ́búlẹ́bú idẹ máa ń kó sínú igi, á sì ṣú. Lẹ́yìn náà màá wọ ìbọ̀wọ́, màá fi owú tí mo rẹ sínú asítóònì, omi tó ń bó ọ̀dà, nu idẹ nìkan, nítorí asítóònì á bó síílà tó bá kàn án. Màá máa pààrọ̀ owú títí dúdú kò fi ní yọ mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ fín lákà onítínà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Tí idẹ bá sùn mọ́jú kí ẹ tó fín lákà, ẹ tún un nù.

Kí igi gbẹ dáadáa o. Lásìkò ọyẹ́, igi á sún kì, idẹ kò ní sún. Lákà á sán láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ ha lákà ti àpótí yín kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má sì fi òróró tàbí àdí àgbọn pa á: ásíìdì inú ọ̀rá máa ń jẹ idẹ, àwọ̀ ewé ló sì máa ń yọ.